Ìdáhùn Tí Mo Fún Nọ́ọ̀sì Ẹnu Ọ̀nà

Hyde Park, Chicago
Ọjọ́ kọkànlá, Oṣù Kẹwàá, 1986

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ kú iṣẹ́ kíláàsì, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá àti Láńre. Mo gbà á ládùúrà pé ikọ́ tó ń yọ Bàbá lẹ́nu nígbà tí mo ń bọ̀ ti lọ. Èmi náà wà. Mo ń jẹun, mo ń kírun, mo sì ti ra ẹ̀wù òtútù tí ẹ ní kí n rà. Ó gùn jù mí lọ, àmọ́ ó ń móoru.

Ẹ má bínú pé ó pẹ́ kí n tó kọ̀wé. Ìwé ló gbé mi mì. A ti ṣe ìdánwò kan lórí ẹ̀yà ara. Nígbà tí èsì jáde, mo wo orúkọ mi lẹ́ẹ̀mejì bóyá ti ẹlòmíì ni. Mo yege, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni mo wà. Àwọn ọmọ tó kù máa ń nawọ́ kí olùkọ́ tó béèrè tán. Èmi á ti mọ ìdáhùn, n ó kàn máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kàn títí ẹlòmíì á fi sọ ọ́. Nígbà míì mo máa ń rò ó pé bóyá àṣìṣe ni wọ́n fi gbà mí sílé-ìwé nọ́ọ̀sì yìí.

Ilé-ìwé wa ní ètò kan. Ọmọ ọdún kìíní kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní àgbàlagbà kan tí yóò máa bẹ̀ wò ní gbogbo Sátidé. A ò gbọ́dọ̀ fún wọn lóògùn, a ò gbọ́dọ̀ tọ́jú wọn, a kàn ń jókòó tì wọ́n kí a lè mọ bí àgbà ṣe ń gbé. Màmá kan tó ń jẹ́ Juliana ni wọ́n fún mi. Opó ni wọ́n. Wọ́n ń gbé lápá Calumet City, nínú ọgbà ńlá kan tí wọ́n kọ́ fún àwọn tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹ má rò pé ilé aláìní ni. Kálukú ló ní yàrá àti ilé ìdáná tirẹ̀, wọ́n jọ ń jẹun ọ̀sán ní gbọ̀ngàn kan, bọ́ọ̀sì sì wà tó ń gbé wọn lọ sọ́jà. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni dọ́kítà. Ọsibítù kan ṣoṣo ló wà nítòsí, ibẹ̀ náà sì ni gbogbo àdúgbò ń lọ.

Ní Sátidé tó kọjá, mo bá Màmá Juliana tí wọ́n fọwọ́ di ikùn mú. Wọn ò fẹ́ lọ síbì kankan. Mo bẹ̀ wọ́n títí. Bọ́ọ̀sì ọgbà gbé wa dé ẹ̀ka pàjáwìrì, awakọ̀ já wa sílẹ̀, ó yí padà. Nọ́ọ̀sì kan jókòó sẹ́yìn gíláàsì lẹ́nu ọ̀nà. Ó bi mí pé báwo ni ara màmá. Mo dá a lóhùn bí ẹ ṣe kọ́ wa. Mo ní, “A dúpẹ́, wọ́n ti ń gbádùn díẹ̀díẹ̀.” Ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó ní kí a lọ jókòó.

Màmá, a jókòó. Irin ni wọ́n fi de àwọn àga mọ́lẹ̀, èèyàn ò lè fà wọ́n sún mọ́ ẹni tó ń ṣàìsàn. Tẹlifíṣọ̀n kan ń pariwo lókè, kò sẹ́ni tó ń wò ó. A bá àwọn méjì láti ọgbà Màmá Juliana níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn gbé ìrọ̀rí wá láti ilé. Mo rò pé àwàdà ni, àṣé ó mọ ibẹ̀ jù mí lọ. Nọ́ọ̀sì pe ọmọkùnrin tí ilẹ̀kùn há níka. Ó pe ọkùnrin tí imú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. A dé ṣáájú àwọn méjèèjì. Mo lọ bá a níbi gíláàsì, ó ní, “Mo mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀.” Mo padà wá jókòó, mo sì ń dá ara mi lẹ́bi pé mo yọ ọ́ lẹ́nu.

Oòrùn ti wọ̀ kí dọ́kítà tó wò wọ́n. Ó tẹ ikùn Màmá lẹ́ẹ̀kan, ó béèrè bóyá ó ń dùn wọ́n. Màmá Juliana ní, “Kò burú.” Ohun tí wọ́n máa ń sọ sí gbogbo nǹkan nìyẹn. Ilẹ̀ Poland ni àwọn òbí wọn ti wá, wọ́n ní bí wọ́n ṣe tọ́ àwọn nìyẹn. Dọ́kítà ní afẹ́fẹ́ ló kún inú. Ó fún wọn ní oògùn funfun kan tó dà bí ẹfun. Àwọn òṣìṣẹ́ tẹ́ wọn sórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo ẹni tó ń kọjá ń fara gbún ẹsẹ̀ wọn, títí ẹnìkan fi ní kí a máa lọ sílé.

Inú ń bí mi, n ò sì mọ ẹni tí mo ń bínú sí. Ẹ bá mi fi àdúrà sí i. Àmọ́ kí ọkàn yín balẹ̀, ẹni náà ti ń gbádùn. Ẹ má tíì sọ fún Bàbá, kí wọ́n má bàa máa ronú.

Èmi ọmọ yín tí ilé ń ṣàárò,
Kàfáyàtù


Ìwó
Ọjọ́ kẹta, Oṣù Kọkànlá, 1986

Kàfáyàtù Àdùfẹ́,

Gbogbo wa wà, a kí ọ. Ìkíni ti parí.

Mo ka lẹ́tà rẹ nílé, mo gbé e lọ sílé-ìwé, mo tún kà á nígbà tí àwọn ọmọ kíláàsì mi ń ṣe ìṣírò. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé kí ló ṣe mí. Mo ní kó kọjú síwèé rẹ̀.

Ta ni Juliana? O ní obìnrin òyìnbó kan, tó ní yàrá àti ilé ìdáná, ni inú ń run, tí kò sì rí ẹni mú un dé ọsibítù àfi ọmọ Ìwó tó dé Amẹ́ríkà ní Oṣù Kẹjọ. O tún ní ẹ jókòó títí oòrùn fi wọ̀ láìsí ẹni tó dá yín lóhùn, ní Amẹ́ríkà tí àwọn olówó wa ń sá lọ gba ìtọ́jú. Lẹ́yìn náà o wá ní “ẹni náà ti ń gbádùn”, kí n má sọ fún bàbá rẹ.

Èmi ni mo bí ọ. Nígbà tí bàbá àgbà rẹ kú, èmi ni mo kọ̀wé sí àwọn ọmọ rẹ̀ ní Kánò. Mo kọ ọ́ pé ara Bàbá kò fi bẹ́ẹ̀ yá, àmọ́ ó ti ń gbádùn, kí wọ́n ṣáà tètè máa bọ̀. A ti sin ín kí n tó lẹ àpò ìwé náà. Mo mọ bí a ṣe ń kọ irú lẹ́tà báyìí, má fi mí ṣeré.

Inú ta ló ń run? Bó bá jẹ́ tìrẹ, sọ ọ́. Mo ti kọ̀wé sí Jìbírílù àbúrò mi ní Oak Park. Mo ní kí òun àti ìyàwó rẹ̀ wá wò ọ́ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni Sìmíátù, o ò lè tan òun jẹ.

Ká tiẹ̀ ní obìnrin náà wà lóòótọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Ta ló ń gbé oúnjẹ lọ fún un? Nígbà tí mo bí Láńre, orí ẹní lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ni ìyá mi sùn. Bí nọ́ọ̀sì bá ti pẹ́ jù, ìyá mi á lọ dúró níwájú rẹ̀, á máa kí i, á máa kí àwọn òbí rẹ̀, á máa kí àwọn ọmọ tí kò tíì bí, títí nọ́ọ̀sì á fi dìde. Ọsibítù tí kò ti sí ará ilé aláìsàn, ta ló ń lé àwọn nọ́ọ̀sì dìde níbẹ̀?

Ibì kan ṣoṣo ló dùn mọ́ mi nínú lẹ́tà rẹ, ìyẹn ìdáhùn tí o fún nọ́ọ̀sì ẹnu ọ̀nà. O dáhùn bí ọmọ tí wọ́n tọ́.

Kọ òtítọ́ sí mi.

Ìyá rẹ tí oorun ò kùn,
Ràhámọ̀tù


Hyde Park, Chicago
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kọkànlá, 1986

Màmá mi,

Mo kí yín, mo kí Bàbá, mo kí Láńre. Ara mi dá, mo fi Ọlọ́run búra.

Bùọ̀dá Jìbírílù wá pẹ̀lú Àǹtí Sìmíátù. Bùọ̀dá ò tíì bọ́ bàtà tí wọ́n ti ní, “Yọ ahọ́n síta.”

Mo ní, “Bùọ̀dá, ẹ káàbọ̀.”

“Kàfáyà, mo wakọ̀ láti Oak Park nínú òtútù yìí. Ìyá rẹ ní inú ń run ọ́, o sì ń fi orúkọ ìyá òyìnbó bò ó. Yọ ahọ́n.”

Mo yọ ọ́. Àǹtí tẹ ikùn mi, wọ́n gbé ìpéǹpéjú mi sókè, wọ́n ní, “Ebi nìkan ló ń pa eléyìí.” Bímbọ́lá tí a jọ ń gbé yàrá rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ti kíláàsì dé, ohun tó fi ń kí mi ni “Yọ ahọ́n síta.” Ẹ̀yin lẹ ṣe é fún mi.

Àwọn náà gbé ìrẹsì wá. Bí a ṣe ń jẹun ni mo ń ròyìn ọ̀rọ̀ Màmá Juliana fún wọn. Nígbà tí mo dé orí ohun tí mo sọ fún nọ́ọ̀sì, Àǹtí Sìmíátù gbé ṣíbí sílẹ̀.

“Kí lo sọ fún un?”

“Mo ní a dúpẹ́, wọ́n ti ń gbádùn díẹ̀díẹ̀.”

“Ṣé o rò pé ó ń kí ọ ni? Iṣẹ́ ẹni yẹn ni kó mọ ẹni tó lè kú ṣáájú. Ẹni tó bá ti ń gbádùn, ìdí ìlà ló máa fi í sí. Èmi náà ń jókòó síbi gíláàsì yẹn ní ọsibítù tiwa. Ìwọ lo fi màmá yẹn sórí àga títí ọjọ́ fi rọ̀, Kàfáyà. Kì í ṣe òun.”

Bùọ̀dá ní, “Fi ọmọ sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa nìyẹn.”

“Mo mọ̀. Ìwọ gan-an, ìfun fẹ́ bẹ́ sí ọ nínú lọ́dún yẹn, o dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ọsibítù, o ń sọ fún dọ́kítà pé a dúpẹ́.”

Màmá, n ò lè jẹun mọ́. Ẹ̀yin ní mo dáhùn bí ọmọ tí wọ́n tọ́. Àǹtí ní mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ènìyàn. Nínú ẹ̀yin méjèèjì, n ò mọ ta ni kí n gbà gbọ́.

N ò ní kí ọsibítù náà má jẹ̀bi. Àwọn ará ọgbà pe ìpàdé lé e lórí ní gbọ̀ngàn oúnjẹ, mo sì wà níbẹ̀. Ọsibítù rán ọkùnrin kan tó de táì wá. Wọ́n bi í léèrè ọ̀rọ̀ bí àwọn ṣe ń dúró pẹ́, ó fi àwòrán ilé tuntun hàn wọ́n. Wọ́n béèrè ìdí tí dọ́kítà ò fi pọ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀, ó ní wọ́n máa fẹ ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Bàbá kan tó ti ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ irin rí, tó ń gbé nítòsí Màmá Juliana, dìde, wọ́n ní, “Ọ̀gbẹ́ni, ọkọ̀ mi ò ṣàìsàn.” Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín, onítáì náà rẹ́rìn-ín, ó kó àwòrán rẹ̀, ó lọ. Ohun tó ti ìpàdé jáde ò ju ìyẹn lọ.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí nìyí. Màmá Juliana ò tíì gbádùn. Bí wọ́n bá jẹ ohunkóhun tó lọ́ràá, inú á dì wọ́n mú, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa mí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti rù. Wọ́n ní àwọn ò padà sórí àga yẹn mọ́ láyé. Mo sọ fún obìnrin tó ń ṣàkóso ọgbà, ó ní bí Màmá ò bá ṣubú, tí wọn ò sì fẹnu ara wọn béèrè, kò sí ohun tí òun lè ṣe. Ó ní iṣẹ́ tèmi ni kí n jókòó tì wọ́n. Ọmọ wọn kan ṣoṣo ń gbé ní Arizona, ó ń tẹ̀ wọ́n láago ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, ohun tí wọ́n sì ń sọ fún un ni pé kò burú. Kò sẹ́ni tó mọ̀ àfi èmi, èmi tí n kì í nawọ́ ní kíláàsì.

Kí ni kí n ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dáhùn.

Kàfáyàtù yín


Ìwó
Ọjọ́ kọkàndínlógún, Oṣù Kejìlá, 1986

Kàfáyàtù ọmọ mi,

A kí ọ níbí. Jìbírílù ti kọ̀wé pé odindi ni ọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì bínú pé o jẹ́ kí n máa gbààwẹ̀ lásán.

Ó ku ọ̀rọ̀ Sìmíátù. Ta ló ní kó máa bá ọmọ mi wí lórí abọ́ ìrẹsì? Òun náà gbé ọ̀dọ̀ mi fún ọdún kan kí ó tó lọ́kọ, kò sí bí mo ṣe kọ́ ọ tí n ò kọ́ òun. Sọ fún un pé mo kí i.

Wàyí o, gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ. Àgbàlagbà tó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé kò burú, ìwọ ọmọdé ò ní ẹnu tí o fi máa sọ pé ó burú. Bí o bá dúró níwájú àjèjì, tí o ní ó ń kú lọ, tó bá wá kú ńkọ́? Ẹnu ta ni wọ́n máa ní ó ti jáde? Ọmọ rẹ̀ tí kò wá wò ó yóò wá dá ọ lẹ́jọ́. Má ṣe é, Kàfáyà. Mo kọ̀ ọ́ fún ọ. Gba nọ́ńbà ọmọ rẹ̀, pè é, fi ìyá rẹ̀ lé e lọ́wọ́, kí o sì kọjú síwèé rẹ. Bí ilé-ìwé bá torí ìyẹn bínú sí ọ, máa bọ̀ nílé. A ṣì ń gba olùkọ́ ní Ìwó.

Bí o bá rí ọkà, fi se ògì fún obìnrin náà. Má fi mílíìkì sí i, má fi ohun ọlọ́ràá kankan tẹ̀ lé e. Ògì kò ní í ṣe é níbi.

Ìyá rẹ,
Ràhámọ̀tù


Hyde Park, Chicago
Ọjọ́ kọkànlélógún, Oṣù Kejìlá, 1986

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èsì yín ò tíì dé, n ò sì lè dúró dè é mọ́.

Lánàá ni oúnjẹ Kérésì ní ọgbà. Mo bá Màmá Juliana lórí àga, wọ́n ti wọ aṣọ pupa, wọ́n ti kun ètè. Funfun ojú wọn ti pọ́n bí pupa inú ẹyin. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni ẹ máa pè é tí ẹ bá rí i.

Mo ní, “Màmá, ojú yín.”

“Kò burú. Iná yàrá yìí ni.”

Mo pa iná. Ojú náà ò yí padà. Mo lọ kan ilẹ̀kùn bàbá tó ṣiṣẹ́ irin, wọ́n gbé ọkọ̀ wọn wá. Màmá Juliana fẹ́ bá wa jiyàn, àmọ́ okun rẹ̀ ò sí lára wọn mọ́.

Nọ́ọ̀sì ọjọ́sí náà ló wà lẹ́yìn gíláàsì. Àwọn àga kún, àwọn ará ọgbà wà lórí wọn, wọ́n ń juwọ́ sí wa. Ó béèrè bí ara màmá ti rí. Kí n tó lanu, Màmá Juliana ní kò burú. Nọ́ọ̀sì wá wo èmi. “A dúpẹ́” ti dé ètè mi, Màmá, ó ti dé ètè mi. Mo gbé e mì.

Mo ní, “Ó burú. Wọ́n ń kú lọ lójú mi.” Mo sọ ti ojú wọn. Mo ní ìtọ̀ wọn ti dúdú bí tíì. Mo ní wọn ò jẹun, pé wọ́n ti bì sórí aṣọ ibùsùn, tí wọ́n sì ká a pamọ́ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù kí àwọn tó ń tún yàrá ṣe má bàa rí i. Mo ní nígbà tí mo sọ fún un lọ́jọ́sí pé wọ́n ti ń gbádùn, irọ́ ni mo pa, ìwà ọmọlúàbí ni mo rò pé ó jẹ́. Ohùn mi ti lọ sókè, n ò mọ̀. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, àwọn ará ọgbà ti dá ọwọ́ tí wọ́n ń jù dúró, wọ́n ń wò wá.

Nọ́ọ̀sì dìde. Ilẹ̀kùn ṣí, a ò fìdí kan àga. Dọ́kítà obìnrin kan ní òkúta ló dí ọ̀nà tí òróòro ń gbà, pé ẹ̀jẹ̀ ti ń bàjẹ́, pé àwọn á ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn kíákíá. Mo fẹ́ di Màmá Juliana lọ́wọ́ mú. Wọ́n yọ ọwọ́ wọn. Wọ́n ní, “O ti sọ mí di òkú lójú àwọn ará ọgbà mi. O tú aṣọ ibùsùn mi síta. Jáde.”

Mo jáde.

Mo padà síbẹ̀ láàárọ̀ yìí. Wọ́n ti là wọ́n, wọn ò tíì jí dáadáa. Aládùúgbò bẹ́ẹ̀dì wọn ti ń tẹ agogo, iná pupa ń tàn lókè ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó wá. Mo lọ wá nọ́ọ̀sì. Kò bú mi, ó kàn ní òun nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún gbogbo apá ibẹ̀ nítorí ọdún, ó sì ń sáré lọ bó ṣe ń sọ ọ́. Mo da omi fún aládùúgbò náà. Ẹlòmíì wá bi mí bóyá mo jẹ́ ẹbí. Mo ní rárá, ó ní kí n máa lọ.

Mo ti pe ọmọ wọn. Ó ń bọ̀.

N ò mọ̀ bóyá wọ́n máa yè. Dọ́kítà náà ò mọ̀. N ò mọ̀ bóyá ó yẹ kí n sọ ti aṣọ ibùsùn yẹn. Ti ojú nìkan ti tó. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sí mi pé mo ṣe dáadáa.

Kàfáyàtù


Ìwó
Ọjọ́ kẹrìnlá, Oṣù Kìíní, 1987

Kàfáyàtù,

A kí ọ kú ọdún tuntun.

Lẹ́tà tèmi àti tìrẹ ti kọjá lára ara wọn lójú ọ̀nà. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ pé má sọ ọ́, o ti ń múra láti sọ ọ́. Kí lẹ́tà mi tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, o ti sọ ọ́ tán, o fi ti aṣọ ibùsùn kún un. Mo bínú. Mo fi ìbínú náà kọ́ àwọn ọmọ ní ìsodipúpọ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n sì mọ̀ ọ́n.

Mo ti fi gbogbo rẹ̀ han bàbá rẹ. Ó ka lẹ́tà náà tán, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní, “Obìnrin náà wá ńkọ́?” Láti ìgbà náà, bí Láńre bá ti ti ilé-ìwé dé, ìbéèrè rẹ̀ nìyẹn. Àwọn obìnrin mọ́sálásí wa ń ṣàdúrà fún un, Lèmọ́mù béèrè orúkọ bàbá rẹ̀, a ò mọ̀ ọ́n, ó ní Ọlọ́run mọ̀ ọ́n. Adéògún tó ń pín lẹ́tà ní pósí ọ́fíìsì, bó bá ti rí mi lókèèrè, á ti máa mi orí. Ṣé irú ìyà tó yẹ kí n máa jẹ lórí ìyá tí n ò mọ̀ rí nìyẹn? O gbé ọ̀rọ̀ dé àárín ọ̀nà, o fi wá sílẹ̀ níbẹ̀.

O ní kí n sọ pé o ṣe dáadáa. N ò lè sọ ọ́. Mo ti kọ̀ ọ́ fún ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o ò gbọ́. Ọ̀rọ̀ aṣọ ibùsùn yẹn kò dára, àgbàlagbà kì í gbàgbé irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ní kí o wá bẹ òun pé o sọ fún nọ́ọ̀sì pé òun ń ṣàìsàn, o ò gbọ́dọ̀ bẹ̀bẹ̀.

Má kọ ọ́ sí mi pé ó ti ń gbádùn. Bó bá ti kú, kọ ọ́ pé ó kú. Bó bá wà, kọ ọ́ bó ṣe wà.

Ìyá rẹ,
Ràhámọ̀tù


Hyde Park, Chicago
Ọjọ́ kẹjọ, Oṣù Kejì, 1987

Màmá mi,

Wọ́n wà láàyè. Mo fi ìyẹn ṣáájú ìkíni, ẹ foríjì mí. Mo kúnlẹ̀ báyìí, mo kí yín, mo kí Bàbá.

Ẹ má bínú pé n ò kọ̀wé. Lẹ́tà tí ẹ fi kọ̀ fún mi ló dé lẹ́yìn ọdún. Bí mo bá ti gbé bírò, ojú yín ni mo ń rí.

Bí wọ́n ṣe wà nìyí. Ilé ìwòsàn dá wọn dúró pẹ́ gan-an. Egbò wọn gba kòkòrò níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n padà sí ọgbà pẹ̀lú rọ́bà kan tó ń fa òróòro sínú àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọwọ́ osì ni wọ́n fi ń di ògiri mú rìn. Ọmọ wọn wá, ó lo ọjọ́ díẹ̀, ó ti padà. Ojú wọn ti funfun.

Wọ́n kọ̀wé sí ilé-ìwé wa pé àwọn ò fẹ́ rí mi mọ́. Olùkọ́ wa pè mí sí ọ́fíìsì. Mo rò pé wọ́n fẹ́ lé mi, mo ti ń ka iye aṣọ tí mo máa kó. Wọ́n ka ìwé náà fún mi, wọ́n ní kí n ròyìn bó ṣe ṣẹlẹ̀, wọ́n gbọ́ ọ tán. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, “O lè sọ ọ́ láì tú àṣírí rẹ̀. Ìyẹn ló kù kí o kọ́.” Ó sún mọ́ ohun tí ẹ̀yin náà sọ. Wọn ò lé mi.

Ní ti ọsibítù, kò sí ohun tó yí padà. Àwọn àga ṣì wà nídè. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé àwọn ará ọgbà kan ti ń ní kí n tẹ̀ lé àwọn lọ síbẹ̀ bí ara àwọn ò bá yá. Wọ́n ní mo mọ bí a ṣe ń pariwo. Èmi.

Àgbàlagbà tuntun tí wọ́n fún mi ni bàbá tó ṣiṣẹ́ irin. Wọ́n lọ́rọ̀ sọ jù, n ò ráyè dá ara mi lẹ́bi tí mo bá wà lọ́dọ̀ wọn. Kí n tó dé yàrá wọn, mo gbọ́dọ̀ kọjá níwájú ilẹ̀kùn Màmá Juliana. Ní gbogbo Sátidé, mo máa ń rọra rìn níbẹ̀. N ò kàn án. N ò sì tíì bẹ̀bẹ̀.

Lánàá, bí èmi àti bàbá náà ṣe ń bọ̀ láti gbọ̀ngàn oúnjẹ, a gbọ́ ohùn Màmá Juliana láti ìta. Orí tẹlifóònù ni wọ́n wà, wọ́n ń bá ọmọ wọn jà. Wọ́n ní ọbẹ̀ tí wọ́n ń gbé wá fún àwọn, omi tí wọ́n fi ṣan abọ́ ni. Wọ́n ní kò níyọ̀, kò lọ́ràá, kò ní orúkọ. Wọ́n ní bí dọ́kítà bá gbà pé oúnjẹ ni, kó wá jókòó síwájú àwọn kó mu ún. Ọmọ náà ní láti ti sọ nǹkan kan, nítorí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti orí iyọ̀. N ò gbọ́ “kò burú” lẹ́nu wọn rárá.

Bàbá ní kí n kan ilẹ̀kùn. Mo ní rárá. A dúró síbẹ̀, a ń gbọ́ ọ, títí wọ́n fi ju tẹlifóònù sílẹ̀, tí a sì gbọ́ tí ẹsẹ̀ wọn ń lọ lẹ́bàá ògiri.

Ẹ sọ fún Láńre. Ẹ sọ fún àwọn ìyá mọ́sálásí.

Kàfáyàtù yín